Àtàǹpàkò Ló Ń Júwe Ọ̀nà

Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ máa wò. Aláìsàn ti jókòó sórí àga, ó gbé ọwọ́ lé itan, wọ́n ní kó má ṣe nǹkan kan, kó kàn dẹra sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó dì mú rí pẹrẹsẹ, wáyà bàbà ni wọ́n lọ́ sínú rẹ̀ ní òbìrípo méjì tó fara kanra, bí nọ́ńbà 8 tó dùbúlẹ̀. Ó gbé e lé orí aláìsàn lápá òsì, ó kọ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn ní ìdábùú, ó tẹ bọ́tìnì. "Kọ́!" Àtàǹpàkò ò mira. Ó sún un síwájú, kò tó ìbú ìka kan. "Kọ́!" Kò sí nǹkan kan. Ó tún sún un, ó sì yí ìdí rẹ̀ díẹ̀. "Kọ́!" Àtàǹpàkò tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, tí ẹni tó ni ín pàápàá ò rán níṣẹ́, ta pọ́ún lórí itan, ó sì padà sílẹ̀.

Wọ́n ti rí ibẹ̀ nìyẹn. Apá òsì ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún ọwọ́ ọ̀tún, ibi tí àtàǹpàkò ti ń gba àṣẹ tirẹ̀ ò sì fẹ̀ rárá.

Ẹni tí mo ní lọ́kàn lórí àga yẹn ni ẹni tí àrùn ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia ti bá gbé fún ọdún gbọọrọ, tó ń gbọ́ ohùn tí ará ilé rẹ̀ ò gbọ́, tó ti mu oògùn títí tí ohùn náà ò lọ. Òòfà ni wọ́n fẹ́ fi bá ohùn náà wí. Ní ọdún 1831 ni Michael Faraday fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé bí agbára òòfà bá ń yí padà nítòsí wáyà, iná á dìde nínú wáyà náà, bí nǹkan kan ò tilẹ̀ so wọ́n pọ̀. Ó lé ní àádọ́jọ ọdún kí Anthony Barker, pẹ̀lú Reza Jalinous àti Ian Freeston, tó gbé irú òòfà bẹ́ẹ̀ lé orí ènìyàn ní ìlú Sheffield, ní 1985, tí ọwọ́ onítọ̀hún sì mira. Àwọn kan ti ṣáájú wọn fi iná mànàmáná gba agbárí kọjá sínú ọpọlọ. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ó dunni, torí egungun kì í jẹ́ kí iná kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, awọ orí ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Egungun ò lè dí òòfà lọ́nà. Ẹ̀rọ náà á da iná tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ampere sínú wáyà bàbà, láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Òòfà á ru, á sì kú lójú ẹsẹ̀, iná kékeré mìíràn á sì dìde nínú ọpọlọ lábẹ́ rẹ̀. Kì í wọlé jìnnà, kì í ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ, èèpo ọpọlọ ló mọ. Kò sí abẹ, kò sí oorun, aláìsàn á la ojú sílẹ̀ títí wọn á fi parí. Etí ni wọ́n máa ń dí, ti aláìsàn àti ti òṣìṣẹ́, torí ariwo wáyà yẹn lè ba etí jẹ́.

Ẹni tó bá rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ ò tíì wo ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Kó tó tẹ bọ́tìnì rárá, ó ti fa téèpù tí àwọn aránṣọ fi ń wọn ara, ó ti wọn orí láti kòtò ìdí imú láàárín ojú méjèèjì dé kókó egungun ìpàkọ́, ó sì ti pín in sí méjì. Ó ti wọn ọ́n láti iwájú etí kan gba òkè orí lọ sí iwájú etí kejì, ó ti pín ìyẹn náà. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni àtàrí, ó fi bírò sàmì sí i. Láti ibẹ̀ ló ti sọ̀ kalẹ̀ sápá òsì, bíi sẹ̀ǹtímítà 5, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àtàǹpàkò kiri. Orí ò rí bákan náà. Ẹlòmíì, ọpọlọ rẹ̀ jìnnà sí egungun ju ti ẹlòmíì lọ. Ẹlòmíì, oògùn tó mu láàárọ̀ ti mú kí ọpọlọ rẹ̀ lọ́ra. Ohun tó tó Táíwò lè má tó Kẹ́hìndé. Nítorí náà, bí àtàǹpàkò bá ti ń ta dáadáa, òṣìṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín agbára ẹ̀rọ kù díẹ̀díẹ̀, á máa tẹ̀, á máa kà. Nínú ìgbà 10, àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ ta ní ìgbà 5 ó kéré tán. Agbára tó kéré jù lọ tí èyí ṣì ń ṣẹlẹ̀ sí ni ìwọ̀n ẹni yẹn. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, gbogbo ìtọ́jú tó kù á sì máa jẹ́ ìdá kan lára rẹ̀, ìdá 80 nínú 100, ìdá 90, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi yìí ló wù mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Àtàǹpàkò ò mọ nǹkan kan nípa ohùn tó ń da aláìsàn láàmú. Ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n òun ló lè dáhùn lọ́nà tí ojú á rí. Ibi tí ohùn ti ń wá nínú ọpọlọ, èèyàn lè tẹ bọ́tìnì lé e lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sí ohun tó máa mira. Wọ́n wá lọ bi ẹni tó lè fèsì, wọ́n sì fi èsì rẹ̀ díwọ̀n fún ẹni tí kò lè fèsì. Ẹni tó bá ń kánjú á fẹ́ fo ìpele yìí. Ẹni tó mọṣẹ́ á pẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé wáyà lọ sójú iṣẹ́ gan-an. Ralph Hoffman, dókítà ọpọlọ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, ló sọ ibẹ̀ di mímọ̀. Èrò rẹ̀ ni pé apá ọpọlọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tó wà lókè etí òsì sápá ẹ̀yìn, ló ń ṣe àṣejù nígbà tí ènìyàn bá ń gbọ́ ohùn tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Bí wọ́n bá lè mú un rọlẹ̀, ohùn náà á rọlẹ̀. Wọ́n sì ti rí i pé òòfà tó bá ń dún wéréwéré, ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, máa ń ta ọpọlọ jí, ṣùgbọ́n èyí tó bá ń dún lẹ́ẹ̀kan péré ní ìṣẹ́jú-àáyá máa ń mú un rọ̀. Hoffman yan ẹ̀ẹ̀kan. Àbájáde tó gbé jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 2000, aláìsàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rọra wọ̀ ọ́: ìṣẹ́jú 4 ní ọjọ́ kìíní, 8 ní ọjọ́ kejì, 12 ní ọjọ́ kẹta, 16 ní ọjọ́ kẹrin, ní ìdá 80 nínú 100 ìwọ̀n tí àtàǹpàkò ti sọ. Ó nídìí tó fi ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́. Òòfà tó bá pọ̀ jù lè mú kí gìrì gbé èèyàn.

Ìṣẹ́jú 16 yẹn, 960 ìgbà ni "kọ́" máa dún. Ẹran ẹ̀gbẹ́ orí á máa ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa gbọ̀n, wáyà á máa gbóná. Aláìsàn lè fẹ́ yí orí wo fèrèsé, ohùn inú lè ní kó dìde máa lọ. Bí wáyà bá yẹ̀ díẹ̀, ibòmíràn ló ń lù nínú ọpọlọ, kò sì sí àtàǹpàkò kankan tó máa kìlọ̀ níbí. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa wo àmì tó fi sórí, kó máa wo ojú aláìsàn, kó máa fetí sí èémí rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì gbọ̀n. Wọ́n ti ṣe irin tó ń gbé wáyà dúró báyìí, àmọ́ irin ò lè mọ̀ pé ẹni tó wà lórí àga ti ń bẹ̀rù.

Ọgbọ́n Hoffman míì tí mo gba fún ni bó ṣe ń wọn ohùn. Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, aláìsàn á ròyìn ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀: ta ló ń sọ̀rọ̀, kí ló ń sọ, báwo ló ṣe ń lọgun tó, ìgbà mélòó lóòjọ́. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, wọ́n á sì pè é ní 10. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa bi í, lónìí ńkọ́? Bí ohùn bá lọ pátápátá, 0 ni. Bó bá burú ní ìlọ́po méjì, 20 ni. Òṣùwọ̀n náà di ti ẹni yẹn nìkan, wọn ò fi ohùn rẹ̀ wé ti ẹlòmíì. Nígbà tó tún ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú aláìsàn 24, fún ọjọ́ 9 dípò 4, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2003, ìrọ̀rùn tí ó lé díẹ̀ ní ìdajì àwọn tí ìtọ́jú náà kàn rí pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 15 ó kéré tán. Kì í ṣe ìwòsàn. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí wọ́n ti ń bú láti inú orí ara rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ọ̀sẹ̀ 15 tí ilé fi dákẹ́ díẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Kì í ṣe gbogbo ibi ló já sí ayọ̀. Apá kejì wà nínú àìsàn yìí tí kò ní ariwo: ẹni tó jókòó sójú kan láti àárọ̀ di alẹ́, tí kò wù ú láti wẹ̀, tí ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ bi í léèrè tó sì fi ọ̀rọ̀ ẹyọ kan dáhùn. Wọ́n rò pé òòfà wéréwéré níwájú orí lápá òsì á ta á jí. Thomas Wobrock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì dán an wò lára aláìsàn 175, ìgbà 15 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì kéde ní 2015 pé kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n ṣe ayédèrú rẹ̀ fún. Ayédèrú yẹn gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Wáyà tí wọ́n gbé lé orí á dún bí èyí tòótọ́, á jókòó síbi tó yẹ, àmọ́ òòfà rẹ̀ ò ní wọ ọpọlọ, aláìsàn ò sì ní mọ èwo ni wọ́n ṣe fún òun. Ẹni tó gbà láti fi iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́jọ́ níwájú irú adájọ́ bẹ́ẹ̀, tó sì jáde wá sọ pé òun jẹ̀bi, mo ka ìyẹn mọ́ iṣẹ́ ọnà. Ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí òòfà orí fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn líle láti 2008. Ti schizophrenia ò tíì rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà.

Ogbooro, ìlú wa, wá ńkọ́? Láti ibí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí, ẹ̀rọ yẹn jìnnà. Ojoojúmọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Àgbẹ̀ wo ló máa fi ebè sílẹ̀ lọ gba yàrá nílùú ńlá nítorí ìṣẹ́jú 16 lóòjọ́? Iná tí ẹ̀rọ náà sì ń mu, ẹ mọ bí ti wa ṣe rí. Àìsàn náà ní tirẹ̀ ò jìnnà. Ó wà ní Àgọ́-Àmọ̀dù, ó wà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ó wà lágbo ilé tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé ẹnì kan wà níyàrá ẹ̀yìn tí kì í jáde sí àlejò.

Ilé oníṣègùn ni ọ̀pọ̀ ìdílé kọ́kọ́ ń gbé e lọ, tàbí ọ̀dọ̀ wòlíì, tàbí ọ̀dọ̀ ààfáà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú òpè wo oníṣègùn. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ láti Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà nípa bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń fi egbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè. Mọ̀lẹ́bí igi yẹn ní Íńdíà ni àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ciba ti fa reserpine yọ ní 1952, ọ̀kan nínú àwọn oògùn àkọ́kọ́ tí ayé fi tu aláìsàn ọpọlọ lára. Asofẹ́yẹjẹ kì í ṣe ohun eré. Ó ń mú èèyàn sùn, ó ń rẹ ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, bó bá sì pọ̀ jù, èèyàn á dìde dúró, á ṣubú. Egbò tọdún yìí lè má le tó ti ọdún tó kọjá, igi etí odò lè má rí bákan náà pẹ̀lú igi orí òkè, kò sì sí ìwé tó kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Ẹni tó ń fi ojú àti ọwọ́ díwọ̀n irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn tó ń jà, tí kò pa á, ìmọ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbà tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹsẹ̀ aláìsàn ni mi ò lè yìn, kò sì sí ohun tó lè mú mi yìn ín.

Dókítà Thomas Adéoyè Lambo mọ èyí tó yẹ kó mú nínú ìmọ̀ yẹn. Ní 1954 ló bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró, l'Ábẹ́òkúta. Ó kọ̀ kí wọ́n ti aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó ní kí mọ̀lẹ́bí kan bá olúkúlùkù wọn wá, láti máa dáná fún un. Láàárọ̀ wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, lẹ́yìn náà wọ́n á padà sáàárín àwọn tó ń fọ agbada, tó ń lọ sóko. Ó pe àwọn oníṣègùn mọ́ra láti bá a ṣiṣẹ́. Òkìkí rẹ̀ kan káàkiri ayé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, ní ilé kékeré tó ní páànù lórí, kò ní òkìkí kankan, ó sì jọ mí lójú tó ti Yale. Abẹ́rẹ́ olóṣooṣù ni mò ń sọ. Modecate ni ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n sí, fluphenazine decanoate lorúkọ rẹ̀ gan-an, láti àárín àwọn ọdún 1960 síwájú ni irú rẹ̀ ti wà. Ẹni tó ti pẹ́ nínú àìsàn yìí máa ń dá oògùn dúró. Bí ara bá yá a, ó rò pé òun ò nílò rẹ̀ mọ́. Bí ara ò bá yá, ohùn inú lè sọ fún un pé májèlé ni. Àwọn onímọ̀ wá so oògùn náà mọ́ ọ̀rá kan kó má bàa tú lójijì, wọ́n sì pò ó mọ́ epo yànmọ̀tí. Ẹ kà á dáadáa, yànmọ̀tí ni, èyí tí a ń gbìn lóko ọ̀dàn, tí à ń lọ̀ sọ́bẹ̀. Bí wọ́n bá gún un sínú ẹran ìdí, epo náà á jókòó síbẹ̀, oògùn á máa yọ́ kúrò nínú rẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀ bí òrí tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Kò sí pé mo gbàgbé, kò sí pé mo tu ú nù.

Epo yẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà le. Sìríńjì àti abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá. Bí omi bá kan epo náà, bó ti wù kó kéré tó, á ṣú bí ìkùukùu. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kò ní fà á, ojú 21 ni wọ́n ń lò, ìyẹn èyí tó fẹ̀ díẹ̀. Láàárọ̀ ọyẹ́ tí epo bá ki, nọ́ọ̀sì á yí ìgò náà láàárín àtẹ́lẹwọ́ kó tó fà á. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ aláìsàn, kì í fún un ní gbogbo rẹ̀. Mílígíráàmù 12.5 ló ń fi tọ́ ọ wò, kó dúró kó rí bí ara ṣe gbà á. Oògùn tí wọ́n bá ti gún wọlé, tí yóò wà nínú ara fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò ṣeé fà jáde mọ́.

Ó wá kan ìdí. Ó ní kí aláìsàn dojú bolẹ̀, kó yí orí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ sínú, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹran ìdí ṣe ń dẹ̀. Ó fi ojú pín ìdí kan sí mẹ́rin. Òkè lápá ẹ̀gbẹ́ ni àyè tirẹ̀. Nísàlẹ̀ sápá inú, iṣan ńlá tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ń kọjá níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá bà á lè sọ àgbẹ̀ di arọ. Ó fi ọwọ́ òsì fa awọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀. Ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lóòró gangan. Ó fa ìdí sìríńjì sẹ́yìn díẹ̀ láti wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ á yọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló wà, kò gbọdọ̀ ti oògùn. Bí kò bá yọ, ó ń tì í lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, torí epo tí wọ́n bá sáré tì ń dunni. Ó dúró, ó ka 10 nínú ọkàn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ abẹ́rẹ́, ó sì jọ̀wọ́ awọ tó ti fà láti ìbẹ̀rẹ̀. Awọ padà sáyè rẹ̀, ihò òkè ò bá ihò ìsàlẹ̀ mu mọ́, epo ò sì rí ọ̀nà sun jáde. Kò fọwọ́ ra á. Ẹni tó bá fọwọ́ ra á ń ti oògùn náà jáde kúrò níbi tó yẹ kó jókòó sí. Ó kọ "òsì" sínú káàdì, kó lè jẹ́ ọ̀tún ni oṣù tó ń bọ̀.

Gbogbo èyí kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ẹni tó bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà á rò pé abẹ́rẹ́ ibà lásán ni.

Ṣùgbọ́n kó tó gbé sìríńjì rárá, iṣẹ́ tó gba ojú jù lọ ti kọjá, nígbà tí wọ́n ń kí ara wọn. Aláìsàn ń bọ̀ láti ẹnu géètì, nọ́ọ̀sì ti ń wo apá rẹ̀: ṣé apá méjèèjì ń mì bó ṣe ń rìn, àbí ó gbé wọn mọ́ra gan-in? Bí kò bá mì, oògùn ti ń dè é ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ kú oko o, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jókòó. Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Ẹ jẹ́ n mú ọwọ́ yín."

Ó mú ọwọ́ náà, ó ká ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó nà án. Bí ó bá ń lọ geere, ó dáa. Bí ó bá ń lọ tó ń dúró, tó ń lọ tó ń dúró, oògùn ti ń mú iṣan le. Ó ní kó yọ ahọ́n. Kì í ṣe ọ̀fun ló ń yẹ̀ wò. Ó ń wò ó bóyá ahọ́n náà ń jó fúnra rẹ̀, torí bí ahọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti ń gba irú oògùn yìí, ó lè má dákẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kó máa fi àtàǹpàkò kan àwọn ìka yòókù níkọ̀ọ̀kan, kíákíá. Bọ̀ọ̀dá tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń gbìyànjú. Nọ́ọ̀sì ò wo ọwọ́ yẹn rárá. Ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Nígbà tí ọkàn bá lọ sọ́dọ̀ ìka, ẹnu tí ń mira ní bòókẹ́lẹ́ á tú àṣírí ara rẹ̀. Ó tún bi í bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn ín, bóyá kò lè jókòó sójú kan. Ìyẹn náà, oògùn ló ń fà á, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ń rò pé wèrè náà ló tún gbérí, tí wọ́n á ní kí wọ́n fi oògùn kún un, nígbà tó jẹ́ pé dídín ló yẹ kí wọ́n dín in.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé abẹ́rẹ́ lásán ni àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyí ń gún. Irọ́ ni.

Ọjọ́ ni ìṣòro tó kù. Oṣù òyìnbó ni káàdì ń kà, àsìkò òjò ni oko ń kà. Nígbà kíkọ ebè, ilé á dá, aláìsàn tí ara rẹ̀ ti yá á wà lóko pẹ̀lú ọkọ́, torí àbájáde abẹ́rẹ́ rere ni pé èèyàn á lè kọ ebè. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ á sì kọjá. Nọ́ọ̀sì tó mọ àdúgbò á ti kọ nọ́ńbà fóònù ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n sẹ́yìn káàdì, á pè, bí kò bá wọlé, á rán ọlọ́kadà tó ń gba ọ̀nà ibẹ̀. Nígbà mìíràn, ilé oníṣègùn ni aláìsàn wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà ti fi hàn, nínú iṣẹ́ tí Lancet tẹ̀ jáde ní 2020, pé ẹ̀rù ò yẹ kó ba nọ́ọ̀sì láti tẹ̀ lé aláìsàn débẹ̀. Aláìsàn 307 ló wà nínú iṣẹ́ yẹn, ilé oníṣègùn àti ilé àdúrà ni wọ́n wà. Níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé ti ń wá bá wọn níbẹ̀, tí òun àti oníṣègùn jọ ń tọ́jú wọn, ara wọn yá ju ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Oníṣègùn ò di ọ̀tá, kò sì sẹ́ni tó gba aláìsàn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èmi ò ní ká má fẹ́ òòfà. Àwọn kan wà tí abẹ́rẹ́ ò gbà, tí ohùn wọn ò rọlẹ̀ rárá, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí ọ̀sẹ̀ 15 yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà bá dé Ṣakí lọ́la, kí wọ́n má lọ fi ẹni tó kàn mọ kọ̀ǹpútà sídìí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti ń wo ahọ́n àti apá àwọn ènìyàn wọ̀nyí láti ọdún wá ni kí wọ́n kọ́. Ó ti mọ bí èèyàn ṣe ń wo ibi kan láti mọ ohun tó ń lọ níbòmíràn, àwọn ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú á sì rọ̀ ọ́ lẹ́nu: ṣé wárápá ti mú yín rí, Bọ̀ọ̀dá, tàbí ẹnì kan nílé yín? Ṣé ẹ sùn lánàá, àbí ẹmu lẹ mu mọ́jú? Oògùn wo lẹ tún ń lò yàtọ̀ sí tèmi? Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé Òkè-Ògùn la wà, tí irin ò gbọdọ̀ sí nínú orí ẹni tí wọ́n ń gbé òòfà lé, á tún béèrè bóyá ọdẹ ni wọ́n, àti bóyá ọta ṣakabùlà kankan ṣì wà ní agbárí tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ojú wọn.